Orin Tí A Fi Ìfẹ́ Kọ: Láti Venice Dé Torino

  Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ọba. Ìtàn àwọn ènìyàn kan ni, tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń kọ orin, tí orin wọn bọ́ sọ́wọ́ àwọn olórin gidi títí ó fi di ohun tí a ń gbọ́ títí di òní.

Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Láàrin àwa tí a wá kàwé níhìn-ín, àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin kò kéré. Ẹnì kan ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó ní orin bíi mẹ́wàá nínú ìwé kékeré tó fi sínú àpótí. Ẹlòmíràn ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Politecnico. Bó bá ti ń fọ abọ́ ní ibi iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ ni orin tuntun ń wá sí i lẹ́nu. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi orin náà han ẹni tó lè lù ú, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fún wa: "Àwa kì í ṣe olórin." Ó yẹ kí a yẹ ìdáhùn yìí wò, nítorí pé ní ilẹ̀ tí a wà yìí gan-an, ẹni tí kì í ṣe olórin ti ṣe ohun tó pọ̀ nínú orin.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará Ítálì: dilettante. Inú diletto ni wọ́n ti fà á yọ, èyí tí í ṣe ìdùnnú tàbí ìgbádùn. Lóde òní, bí wọ́n bá pe ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ èébú. Ẹni tó dáwọ́ lé ohun tí kò mọ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n ní Venice, ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, orúkọ tí ènìyàn ń fi iyì kọ sí iwájú ìwé orin rẹ̀ ni. Ohun tó ń wí ni pé, "Orin kọ́ ni mo fi ń jẹun, ìfẹ́ rẹ̀ ló mú mi kọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Tomaso Albinoni. Wọ́n bí i ní Venice ní 1671. Antonio, bàbá rẹ̀, ń ṣe ìwé àti káàdì tí a fi ń ta tẹ́tẹ́, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù. Tomaso ni àkọ́bí ọkùnrin, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ọ kí ó lè gba ipò náà lọ́jọ́ iwájú. Ó ń kọ́ fayolíìnì àti orin kíkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1694, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Àwọn eléré ṣe òpẹ́rà rẹ̀ kìíní, Zenobia, ní Venice. Ní ọdún kan náà, Giuseppe Sala tẹ ìwé orin rẹ̀ kìíní jáde, orin méjìlá fún fayolíìnì méjì àti ohùn ìsàlẹ̀. Nínú ìwé náà, Albinoni pe ara rẹ̀ ní dilettante veneto, ó sì fi ìwé náà júbà Kádínà Pietro Ottoboni, ẹni tí gbogbo olórin mọ̀ sí ọlọ́wọ́ títẹ́.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọmọ oníṣọ́ọ̀bù kò jókòó kí wọ́n tó wá pè é. Ó kọ orin náà bí àwọn olórin ti máa ń kà á, ó mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ìwé tẹ̀, ó sì wá ẹni ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ yóò ṣí ilẹ̀kùn. Ìwé náà rìn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó dé Amsterdam níbi tí wọ́n ti tún un tẹ̀. Ó dé Jámánì, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Johann Sebastian Bach, tó mú ohùn inú rẹ̀ kọ orin tirẹ̀, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mẹta. Bach kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ítálì rí. Ìwé ló bá Albinoni débẹ̀.

Ní 1705 Albinoni fẹ́ Margherita Raimondi, akọrin òpẹ́rà. Ní 1709 bàbá rẹ̀ kú. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, òun sì ń gba ìpín owó tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni kò ti pe ara rẹ̀ ní dilettante mọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé owó káàdì ló kọ́kọ́ gbé orin náà ró.

Ìdílé Marcello yàtọ̀ sí èyí. Ọlọ́lá ni wọ́n ní Venice, kò sì yẹ kí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ máa gba owó iṣẹ́ nítorí orin. Benedetto Marcello (1686–1739) kọ́ òfin, ó sì fi ayé rẹ̀ sin ìjọba: ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn ogójì, wọ́n rán an lọ ṣe aláṣẹ ní Pola, ó sì kú sí Brescia níbi tó ti ń bójú tó owó ìjọba. Síbẹ̀ ó kọ orin sí Sáàmù 50, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ 8 láàrin 1724 àti 1726. Ó lọ gbọ́ ohùn tí àwọn Júù Venice fi ń kọrin ní sínágọ́gù wọn, ó sì fi àwọn kan sínú iṣẹ́ náà. Oyè tó fi ara rẹ̀ jẹ ni Nobile Veneto Dilettante di Contrappunto. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ orin Venice ń jẹ́ Conservatorio Benedetto Marcello. Ẹ wo bí ayé ti ń yí: àwọn tó fẹ́ fi orin ṣe iṣẹ́ oúnjẹ ń gba abẹ́ orúkọ ẹni tí orin kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ wọlé lójoojúmọ́.

Alessandro, ẹ̀gbọ́n Benedetto, ń kọ orin pẹ̀lú, ó sì máa ń fi orúkọ ìnagijẹ Eterio Stinfalico tẹ ìwé jáde. Òun ló ni orin oboe kan tí gbogbo àwọn tó ń fọn oboe ní ayé mọ̀. Bach tún un tò fún dùùrù. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan ń sọ pé Vivaldi ló ni orin náà, àwọn mìíràn ní Benedetto ni. Orin náà yè, orúkọ ẹni tó ni ín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù.

Òdìkejì rẹ̀ ló dé bá Albinoni. Orin tí àwọn ènìyàn fi mọ orúkọ rẹ̀ jù lóde òní, Adagio tí a máa ń gbọ́ níbi ìsìnkú àti nínú fíìmù, kì í ṣe tirẹ̀. Remo Giazotto, onímọ̀ ìtàn orin, ló gbé e jáde ní 1958, ó ní òun rí àjákù ìwé Albinoni láti Dresden ni òun fi kọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ gbà lónìí pé iṣẹ́ Giazotto fúnra rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹnì kan kọ orin, wọ́n fi fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn kò kọ orin, wọ́n fi fún un. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Padua, ẹ má rò pé a gbàgbé yín. Yunifásítì yín, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1222, ni Giuseppe Tartini wá láti Pirano ní etí òkun Istria, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Òfin ló wá kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ti fẹ́ kí ó di àlùfáà, ṣùgbọ́n fayolíìnì ti gba ọkàn rẹ̀. Ní 1721 ọmọ tó wá kọ́ òfin yìí di olórí àwọn onífayolíìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Sant'Antonio, níbẹ̀ náà ní Padua. Ní nǹkan bí 1728 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ fayolíìnì sílẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè sì ń wá sí i tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe pé a ń gba ẹnikẹ́ni níyànjú kí ó pa ìwé òfin tì o! Àwọn òbí wa ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé ààlà tó wà láàrin akẹ́kọ̀ọ́ àti olórin kò ga tó bí a ti rò.

Ní ilé tiwa ńkọ́? Àwọn ọmọ Àyàn ló ni ìlù. A kò lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe onílù nìkan ló ń ṣẹ̀dá orin. Àwọn ọdẹ ló ń sun ìjálá, ọdẹ sì ni iṣẹ́ wọn. Nígbà ọdún, àwọn obìnrin ilé a máa fi orin tuntun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, onílù a sì gbà á lẹ́nu wọn, a sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ìlú ń jó sí. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lè máà ní ọwọ́ ìlù. Ẹni tó ní ọwọ́ ìlù lè máa wá ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dé, àwọn tí orin kì í ṣe iṣẹ́ wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú un lò fún èdè wa. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855–1930) ti Abẹ́òkúta, baba ńlá Fẹlá, jẹ́ oníwàásù tí ń fi orin pe àwọn ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba àwọn orin Yorùbá rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù, àwo náà sì lé ní ogójì ojú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ òfin. Ojú rẹ̀ rí màbo nípa òtútù, àìlówó àti àìríléyá, àwọn ohun tí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1924 ó sọ èdè Yorùbá lórí rédíò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1925 òun àti Herbert Bankole-Bright pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1926, ọdún tó di lọ́yà gan-an, ó lọ sí Zonophone, ó sì kọ orin Yorùbá sínú àwo. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún wa pé ẹni tó ń kàwé kò ní àyè orin. Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lélẹ̀ rí àyè fún un.

Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) tún lọ jìnnà sí i. Ní àárín àwọn ọdún 1930 ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ẹ̀rọ ìkọ́lé ló sì ní lọ́kàn. Dùùrù títẹ̀ ló fi ń gbọ́ bùkátà, ìyẹn náà ló sì di iṣẹ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní 1944 ó kọ African Suite fún ẹgbẹ́ àwọn olólóhun-èlò olókùn. Ilé-iṣẹ́ Decca sì gbé e sínú àwo. Orin tó ṣí iṣẹ́ náà, Joyful Day, dúró lórí ohùn tí Ephraim Amu kọ, ẹni tó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí. Ẹ wo ọ̀nà tí orin kan gbà: láti ọwọ́ olùkọ́ kan ní Áfíríkà, dé ọwọ́ Ṣówándé, dé ọwọ́ àwọn onífayolíìnì Gẹ̀ẹ́sì, títí dé inú àwo. Bí Amu kò bá ti kọ ohùn náà sílẹ̀, kí ni Ṣówándé ì bá rí mú?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Torino. Ìlú yìí kì í ṣe ìlú mọ́tò nìkan. Níhìn-ín ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo Cetra sílẹ̀ ní 1933. Níhìn-ín sì ni ibùjókòó ọ̀kẹ́sírà ńlá ti RAI. Ní 1957 àwọn kan kó ara wọn jọ níhìn-ín, wọ́n pe ara wọn ní Cantacronache. Orin rédíò ìgbà náà ti sú wọn, nítorí ìfẹ́ àti òṣùpá nìkan ló ń sọ. Wọ́n fẹ́ orin tí yóò sọ ohun tí ojú ènìyàn ń rí. Sergio Liberovici láàrin wọn mọ iṣẹ́ orin dáadáa. Ṣùgbọ́n Emilio Jona, lọ́yà ni; Fausto Amodei, ayàwòrán ilé ni; Italo Calvino, tó fún wọn ní ọ̀rọ̀ orin, òǹkọ̀wé ni, ilé-iṣẹ́ ìwé Einaudi níhìn-ín ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti 1958 ni àwo wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Nígbà tí ọlọ́pàá pa òṣìṣẹ́ márùn-ún ní Reggio Emilia ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1960, Amodei ló kọ orin ìrántí wọn. Títí di òní, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Ítálì bá ti ń wọ́de, wọ́n mọ orin náà, ayàwòrán ilé ló sì kọ ọ́.

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, kí ni a rí kọ́? Èkíní ni pé orin tó wà lẹ́nu nìkan kò lè rìn jìnnà ní ilẹ̀ àjèjì. Gbogbo àwọn tí a dárúkọ ní ohun kan tó gbé orin wọn dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe àwo. Ẹni tí kò bá mọ àmì orin orí ìlà márùn-ún, sọ́ọ̀fà tí a kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé-ìwé tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò bá a kọ ọ́ sórí ìlà.

Èkejì jẹ mọ́ èdè wa. Onífayolíìnì ará Ítálì lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀, kò gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bó bá gbé ohùn kan sókè díẹ̀ kí orin lè dùn, ọkọ lè di ọkọ́, ọkọ́ lè di ọkọ̀. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Káthídírà Krístì ní Èkó láti 1914 dé 1962, tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá ní 1953, nítorí pé ó ti rí bí àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sórí ohùn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àmì orin, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé. Ẹ fi ẹnu ka ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ fún wọn láìkọ ọ́ lórin. Ẹ fi ibi tí a lè yí hàn wọ́n, kí ẹ sì fi ibi tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn hàn pẹ̀lú. Olórin tó mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí èyí. Àìsọ ló ń bí i nínú.

Ẹ̀kẹta ni owó. Marcello ní ogún ìdílé, Albinoni ní owó ṣọ́ọ̀bù; àwa kò ní èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ orin ní Conservatorio Giuseppe Verdi ní Piazza Bodoni jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, àwọn náà sì ń wá orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe kí wọ́n lè fi hàn. Orin mẹ́ta tí a kọ dáadáa, tí kò gùn jù, tí kò sì ju agbára ohun èlò mẹ́rin lọ, yóò rí ẹni gbà á ju òpẹ́rà ńlá tí kò ní parí lọ. Ẹ má gbàgbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata nígbà ìdánrawò. A kì í fi ọwọ́ lásán bẹ onílù.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ní a ó padà sí. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sí orin yín. SIAE, ẹgbẹ́ tó ti ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin ní Ítálì láti 1882, ní ètò fún títọ́jú iṣẹ́ tí a kò tíì tẹ̀ jáde. Bí ohùn náà bá jẹ́ ti ìlú yín, tí ẹ bá a nílẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ìlú náà. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó lu orin náà àti àwọn tó kọ ọ́. Rosanna Scalfi, akọrin, ni Benedetto Marcello fẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ ní 1728. Nígbà tí ọkọ kú, wọ́n ní ìgbéyàwó náà kò bófin mu, obìnrin náà kò sì rí ogún gbà. Ẹni tó ń fi ohùn gbé iṣẹ́ ẹni jáde kò yẹ kí a gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kì í ṣe orin ni a torí ẹ̀ wá. Òótọ́ ni. Ìwé ni a wá kà, ìwé ni a ó sì kà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú orin tó ń wá sí wa lẹ́nu níhìn-ín ni a gbọ́ lẹ́nu ìyá àti ìyá-àgbà wa kí a tó yí i padà sí tiwa. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn sì ń bá wọn lọ. Bí ìwé kékeré inú àpótí bá wà níbẹ̀ títí a ó fi gba oyè, tí a sì fi gbàgbé ohùn rẹ̀, ta ni yóò bá wa wá a?

Àwọn baba wa ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Igbá tí a kò fín rárá ni òwe náà kò sọ̀rọ̀ lé. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ ṣí àpótí. Ẹ kọ orin náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀kan péré, kí ẹ sì mú un lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n lù. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa padà délé láyọ̀.